Àlàájà Ni Orúkọ Gbogbo Wa

Ní Nuzlah, ní ìhà gúúsù Jídà níbi tí àwa aláìníwèé pọ̀ sí, bí ẹ bá béèrè Àlàájà Jẹ̀mílátù, àwọn ènìyàn á wò yín láti òkè délẹ̀, wọ́n á ní àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ní Ìyá Onífíríìjì lẹ ń wá, wọ́n á bi yín pé ta ló rán yín. Ìgbà tí ìdáhùn yín bá tẹ́ wọn lọ́rùn ni wọ́n tó máa nàka sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ará Yẹ́mẹ̀n kan, níbi tí ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé kan wà. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ni fíríìjì méjì náà wà. Oògùn tèmi náà wà nínú ọ̀kan nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe rí, láìfi kún un, láìyọ nínú rẹ̀.

Láti Ọ̀ffà ni Jẹ̀mílátù ti wá ṣe Hájì, òun àti Sàká ọkọ rẹ̀. Nígbà tí bàálù àwọn ẹgbẹ́ wọn gbéra padà sílé, àwọn méjèèjì dúró. Sàká ń fọ mọ́tò, Jẹ̀mílátù ń tún ilé ṣe fún àwọn Lárúbáwá. Kò sí ìkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú, lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú wọn. Ẹni tí kò ní ìkámà kò lè fi orúkọ ara rẹ̀ gba yàrá, kò lè yọjú sí ilé ìwòsàn ìjọba, bí ọ̀gá ò bá sì san owó iṣẹ́ rẹ̀, kò rí ibi tó máa fẹjọ́ sùn.

Àìsàn ṣúgà mú Sàká. Wọ́n ra abẹ́rẹ́ fún un, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ínsúlíìnì. Ibi tútù ni abẹ́rẹ́ yìí ń gbé. Ṣùgbọ́n inú yàrá tí tọkọtaya náà ń gbé, ènìyàn rẹpẹtẹ ló jọ há síbẹ̀, kò sí fíríìjì, ooru Jídà kì í sì í ṣe ohun tí à ń ṣàlàyé fún ẹni tó bá ti débẹ̀ rí. Abẹ́rẹ́ bàjẹ́ nínú báàgì. Ojú ò rí i pé ó ti bàjẹ́, nítorí omi inú rẹ̀ ṣì mọ́ gaara. Sàká ń gún un lójoojúmọ́, ṣúgà ń gòkè lójoojúmọ́, títí ó fi sùn láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kò jí mọ́.

"Omi lásán ni ọkọ mi ń gún sára." Bí Jẹ̀mílátù ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Kì í sunkún tó bá ń sọ ọ́. Bí ẹni tó ń ka ẹ̀sùn sí ayé lẹ́sẹ̀ ló ṣe ń sọ ọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe fìdáù ogójì tán, ó lọ ra fíríìjì àlòkù méjì, ó gba yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù télọ̀ yẹn lórúkọ télọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó mọ̀ pé ó ní ṣúgà pé kí wọ́n máa gbé oògùn wọn bọ̀. Ẹni tó ní owó á fi kún owó oògùn ẹni tí kò ní. Òfin méjì ló fi lélẹ̀. Èkíní, a kì í kọ orúkọ sára oògùn. Àmì ni kálukú ń so mọ́ tirẹ̀: òwú pupa, ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà kan, bọ́tìnnì, ìdè irun ọmọdé. Èkejì, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ béèrè ẹni tó ni àmì kan. "Bí wọ́n bá já wọlé lọ́jọ́ kan, kí ni wọ́n máa bá? Òwú àti bọ́tìnnì. Kí wọ́n wá kó bọ́tìnnì lọ sí tàrìílì." Tàrìílì ni ilé àtìmọ́lé tí wọ́n ń kó aláìníwèé sí kí wọ́n tó dá wọn padà sílùú wọn.

Bákan náà, a kì í pe orúkọ ara wa. Àlàájà la jẹ́, Àlàájì la jẹ́. Hájì la bá wá. Wọ́n lè gba yàrá lọ́wọ́ wa, wọ́n lè gba iṣẹ́, ṣùgbọ́n a ti yí Kááńbà po, kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn padà.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni fíríìjì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Abẹ́rẹ́ wọ́n sí i, iṣẹ́ ń dín kù, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún ìlàjì ohun tó yẹ kí wọ́n gún kó lè pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Jẹ̀mílátù mọ̀ wọ́n bó ṣe ń rí oògùn tí kò dín bó ṣe yẹ. Á mú un sókè síbi iná, á wò ó, á ní, "Ẹni tó ni òwú pupa yìí ń tan ara rẹ̀ jẹ o," tí ẹni náà á sì wà nínú yàrá, tí kò ní gbin.

Ó lọ kan ilẹ̀kùn. Ó lọ sọ́dọ̀ olówó kan tó ń kọ́ mọ́sálásí. Akọ̀wé rẹ̀ ní kó mú ìkámà wá. Ó dé ọ́fíìsì àwọn kan tó ń pín oúnjẹ nígbà ààwẹ̀. Wọ́n ní kó mú ìkámà wá. Ó tọ ẹgbẹ́ àwọn ará ilé wa lọ. Àwọn yẹn ò béèrè ìkámà, wọ́n ní àwọn máa ṣe ìpàdé lórí ẹ̀. Mo gbọ́ pé wọn ò tíì ṣe é tán.

Ibẹ̀ ni Zahra ti wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Abbas ni, ní Rusaifah, ní Mẹ́kà. Ìyá ìyá Abbas ló wá láti Ìsẹ́yìn nígbà tí àwọn arìnrìn-àjò Hájì ṣì ń gba Súdáànì kọjá. Mẹ́kà ni wọ́n bí gbogbo àwọn tó kù sí, ìwé tiwọn sì pé. Ní Abidiyah, ní yunifásítì, ni Zahra ti ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó gbọ́ Yorùbá, àmọ́ tí ẹ bá fi Yorùbá kí i, Lárúbáwá ló fi ń jẹ́ ẹ. Ilé àǹtí rẹ̀ ní Jídà ni Jẹ̀mílátù ti ń tún ilé ṣe, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ ara wọn. Khala ló ń pe Jẹ̀mílátù, bí Lárúbáwá ṣe ń pe àǹtí. Lọ́jọ́ kan, Jẹ̀mílátù ń ká aṣọ, Zahra gbé fóònù rẹ̀ dé.

"Khala, mo ti rí ibì kan. Ẹbí kan ni, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀, wọ́n ń fi ṣèrànwọ́ fún àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn."

"Kí ni wọ́n ń béèrè? Ìkámà?"

"Lā, rárá o. Owó ò ní wọ ilẹ̀ yìí. Ilé ìwòsàn kan ní Ìlọrin ni wọ́n máa fún, wọ́n á fi ra oògùn, àwọn tó ń bọ̀ wá ṣe Úmúrà á máa gbé e wá díẹ̀díẹ̀." Ó gbé fóònù náà sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n, Khala. Nǹkan méjì ni wọ́n ń ná owó wọn lé. Ìlera ni ọ̀kan."

"Èkejì ńkọ́?"

"Àwọn Yàhúdì. Yàhúdì ni wọ́n. Ilé ìwé àwọn ọmọ Yàhúdì, ilé àwọn arúgbó Yàhúdì."

Jẹ̀mílátù ò dá aṣọ tó ń ká dúró. "Ti ìlera yẹn, ṣé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Yàhúdì nìkan ni kó máa ṣàìsàn?"

"Rárá o. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni."

"Èmi ni ẹnikẹ́ni. Kọ̀wé sí wọn."

Zahra kọ ọ́. Fọ́ọ̀mù náà ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí ìrànwọ́ máa kàn, ọmọ yìí sì jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń bi gbogbo ẹni tó bá wá gún abẹ́rẹ́ pé kí ni orúkọ wọn. Ohun tí wọ́n bá sọ ló ń kọ. Èmi náà kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, mo sì dá a lóhùn bí mo ṣe ń dá gbogbo ènìyàn lóhùn. Orúkọ tirẹ̀ nìkan ni Jẹ̀mílátù ní kí wọ́n kọ ní kíkún, ó tún fi fọ́tò ojú ara rẹ̀ kún un. "Kọ ọ́ gbàgà. Èmi ni mo ń tọrọ."

Ọ̀rọ̀ yìí kò pẹ́ tó fi dé àsàlátù. Àlàájì Abdulmutalib ló ń ṣáájú wa nínú àsàlátù ọjọ́ Jímọ̀. Ó ń ta lọ́fíńdà lẹ́bàá ọ̀nà, ohùn rẹ̀ dùn létí, ó sì fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ yí sí ọ̀dọ̀ òun. A ti fẹ́ ka àdúà ìparí nígbà tó gbé e kalẹ̀.

"Àlàájà, wọ́n ní ẹ ti ń bá àwọn Yàhúdì ṣòwò."

"Òwò kọ́, Àlàájì. Mo ń tọrọ ni."

"Ìyẹn tiẹ̀ wá burú jù! Ní ilẹ̀ mímọ́! Ẹ kọ ẹ̀yìn sí Kááńbà, ẹ nawọ́ sí àwọn yẹn?"

"Mi ò kọ ẹ̀yìn sí nǹkan kan. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ojúlé wọn wo mínárẹ́ẹ̀tì mọ́sálásí Hárámù ní Mẹ́kà ni mo kọ́kọ́ lọ. Ìkámà ni wọ́n ní kí n mú wá."

Ẹnì kan ní ẹ̀yìn, mo mọ ohùn rẹ̀ ṣùgbọ́n mi ò ní dárúkọ rẹ̀, pariwo pé, "Láìpẹ́, wọ́n á ní kí Àlàájà máa ya Sátidé sọ́tọ̀ fún ìsinmi bíi tiwọn o!"

Jẹ̀mílátù yíjú sí ibẹ̀. "Láti ìgbà tí mo ti ń gbálẹ̀ nílùú yìí, kò sẹ́ni tó fún mi ní ọjọ́ ìsinmi kan rí láàárín ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá fún mi ní Sátidé, n óò gbà á. Bí wọ́n bá fi Sọ́ńdè kún un, n óò dúpẹ́."

Yàrá gbọ̀n fún ẹ̀rín. Àlàájì Abdulmutalib ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má fi ẹ̀sìn ṣe àwàdà, Àlàájà."

"Mi ò ṣe àwàdà. Ẹ̀yin lẹ wàásù fún wa nínú yàrá yìí, nínú ààwẹ̀ tó kọjá, pé nígbà tí Ànọ́bì wa, kí ikẹ́ Ọlọ́run máa bá a, fayé sílẹ̀, lọ́wọ́ Yàhúdì kan ni ẹ̀wù irin rẹ̀ wà, pé ó fi dógò ọkà tó gbà fún àwọn ará ilé rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Èmi ò tíì fi ẹ̀wù dógò. Ṣé ebi àwọn ará ilé tirẹ̀ ló kàn, tí ṣúgà àwọn ará ilé tèmi kò kàn?"

Jẹ̀mílátù dìde, ó gbọn ìbòrí rẹ̀. "Oògùn tó wà lọ́dọ̀ mi, ẹni tó ni ín ló ni ín. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ti Yàhúdì fara kan tirẹ̀, kó wá gbé tirẹ̀ kúrò kí oòrùn tó wọ̀ lọ́la. Mi ò ní bi í ní nǹkan kan."

Lọ́jọ́ kejì, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó wá gbé nǹkan kan. Àlàájì Abdulmutalib náà ò wá gbé tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ èyí síbẹ̀. Bí kò bá ní kí n kọ ọ́, mi ò ní sọ ọ́.

Èsì wá dé láti Amẹ́ríkà. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Tamar, ọmọ ọmọ ẹni tó dá owó náà sílẹ̀, ló kọ ọ́, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní inú àwọn dùn sí iṣẹ́ náà. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ló ń rú àwọn lójú: kí ló dé tí orúkọ gbogbo àwọn obìnrin yòókù tó wà nínú ìwé náà fi jẹ́ Àlàájà, tí orúkọ gbogbo ọkùnrin sì jẹ́ Àlàájì? Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ wọn ti ní ayédèrú ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n fi orúkọ gidi ránṣẹ́, pẹ̀lú fọ́tò ojú ènìyàn mélòó kan, torí ọdọọdún ni àwọn máa ń tẹ ìwé tó ń fi àwọn tí ìrànwọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn hàn.

Zahra ò mọ̀ pé oyè ni. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ tí wọ́n ń pe ìyá bàbá rẹ̀ ní Àlàájà, ó rò pé orúkọ tí ìyá àgbà ń jẹ́ nìyẹn, pé àwọn obìnrin Yorùbá kàn fẹ́ràn orúkọ náà púpọ̀ ni. Nígbà tí ó yé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. "Yā Rabb! Mo ti bà á jẹ́!"

"O ò ba nǹkan kan jẹ́," ni Jẹ̀mílátù wí. "Òótọ́ lo kọ."

"Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ wọn gan-an ránṣẹ́, Khala. Amẹ́ríkà jìnnà. Ta ló máa rí i?"

"Fọ́tò ìgbéyàwó Hàjàrá tí wọ́n gbé sórí wásáàpù, ta lo rò pé ó máa rí i? Níbo ni Hàjàrá wà báyìí?"

Zahra mọ̀. Tàrìílì ni Hàjàrá, ọ̀kan nínú wa, gbà dé Kánò, láìmú ju aṣọ ọrùn rẹ̀ lọ.

"Ká kúkú dá orúkọ sílẹ̀ nígbà náà. Fawziyya, Sa'diyya, orúkọ tó bá ti wù wá."

"Mi ò ní purọ́ fún ẹni tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ ọ́ sí i pé Àlàájà ni orúkọ wa. Kọ ọ́ pé tèmi wà lọ́wọ́ wọn, ojú mi wà lọ́wọ́ wọn. Tí wọ́n bá fẹ́ mú ẹnì kan, kí wọ́n mú èmi. Àwọn tó kù kì í ṣe tèmi láti fi tọrọ."

Zahra kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tamar fèsì pé òun gbọ́, pé ìgbìmọ̀ ò lè fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ nígbà náà.

Mi ò ní ṣe bí ẹni pé kò ná wa ní nǹkan kan. Ọkùnrin kan wà láàárín wa tí n óò pè ní Ìdírísì. Alágbàṣe ni, sìmẹ́ǹtì ló ń gbé. Òun ló ni òwú pupa yẹn, òun náà ló ń gún ìlàjì. Bàtà iṣẹ́ bó o lẹ́sẹ̀, kò mọ̀ ọ́n lára nítorí ṣúgà ti pa ẹsẹ̀ náà kú. Ìgbà tí òórùn rẹ̀ jáde la tó mọ̀. Dókítà kan tó ń ṣiṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, àtàǹpàkò pẹ̀lú. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ lè fi igi rìn, ẹnu ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé ló gbà lọ.

"Wọ́n ní orúkọ ni wọ́n béèrè!" Ariwo rẹ̀ dé etí télọ̀. "Orúkọ lásán! Ẹ gbé orúkọ lé ẹsẹ̀ mi lórí! Ta ló ní kí ẹ máa bá mi ṣọ́ orúkọ mi? Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ mí lórúkọ ni?"

Jẹ̀mílátù jókòó sórí àpótí, ó ń wo ẹsẹ̀ náà. "Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Tí o bá fẹ́ fún wọn ní tìrẹ, tìrẹ ni. Mi ò ní dí ọ lọ́wọ́. Ti ẹlòmíì ni mi ò ní fún wọn."

"Ẹ mú mi dé ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn. N óò dárúkọ mi fún un ketekete."

"Ó dáa."

Zahra bẹ Tamar pé kó gbà kí wọ́n rí ojú ara wọn lẹ́ẹ̀kan péré lórí kọ̀ǹpútà. Mẹ́kà ni wọ́n ti ṣe é, nínú pálọ̀ Abbas ní Rusaifah, nítorí ibẹ̀ ni íńtánẹ́ẹ̀tì tó dára wà. Meshal, ẹ̀gbọ́n Zahra, ló wá fi mọ́tò gbé wọn ní Jídà. Ní gbogbo ojú ọ̀nà ló ń kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa sọ bí wọ́n bá dá wọn dúró níbi àyẹ̀wò. "Khala, ẹ̀yin ni ìyá àgbà mi. Ẹ máa sùn. Ìyá àgbà kì í dáhùn ìbéèrè."

"Èmi ńkọ́?" ni Ìdírísì bi í.

"Ẹ̀yin, ẹ máa kérora. Ẹ gbé ẹsẹ̀ yẹn sókè. Kò sí ọlọ́pàá tó fẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀mejì."

Wọn ò dá wọn dúró. Ìdírísì kérora ní ọ̀nà náà títí, bóyá nítorí pé ó ń dùn ún lóòótọ́.

Tamar hàn lójú kọ̀ǹpútà: obìnrin tí irun rẹ̀ ti ń funfun, tó wọ awò, tí ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tí kò sùn dáadáa. Zahra ló ń túmọ̀. Lẹ́yìn ìkíni, Tamar ní òun gba àwọn gbọ́, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ń bi òun pé báwo ni àwọn ṣe máa mọ̀ pé ènìyàn gidi ni wọ́n.

"Bi í pé," ni Jẹ̀mílátù wí, "tí mo bá ń ṣe sàráà fún alágbe lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, ṣé mo máa ń ní kó dúró kí n ya fọ́tò rẹ̀ ná?"

Zahra ò rí èdè Òyìnbó fún sàráà. Sadaka ló kàn pè é, bí Lárúbáwá ṣe ń pè é. Tamar na ọrùn síwájú. "Tsedaka?"

"Sadaka," ni Zahra wí.

"Tsedaka," ni Tamar tún wí, ó ń nàka sí àyà ara rẹ̀. Wọ́n ń jù ú sí ara wọn bẹ́ẹ̀ títí Jẹ̀mílátù fi ní kí wọ́n ṣe sùúrù kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń wí fún òun. Tamar ṣàlàyé pé èdè àwọn náà ní ọ̀rọ̀ yẹn, pé lọ́dọ̀ àwọn, ìtumọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àánú. Ẹ̀tọ́ ni. Ẹni tó ní ń san ohun tó tọ́ sí ẹni tí kò ní.

"Ẹ̀tọ́ ló pè é?"

"Ẹ̀tọ́, Khala."

"Ó dáa. Bi í pé ẹni tó wá gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, ṣé ó yẹ kí wọ́n ní kó kọ́kọ́ ṣí ìbòjú?"

Zahra wò ó. "Ṣé kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an?"

"Gan-an. Má fi ṣúgà sí i."

Ó sọ ọ́. Tamar mú bírò, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ibẹ̀ ni Ìdírísì ti fi igi rẹ̀ ti tábìlì, ó fà síwájú, ó sì gbé ẹsẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì dì sórí àga kí obìnrin náà lè rí i. Tamar kí i pẹ̀lẹ́. Ó sì bi í, bó ṣe yẹ kéèyàn béèrè lọ́wọ́ ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé, pé kí ni orúkọ rẹ̀.

Jẹ̀mílátù kọjú sí fèrèsé. Kò fẹ́ kí ojú òun wà lára ohun tó máa sọ.

Ìdírísì la ẹnu. Ó pa á dé. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn orí Jẹ̀mílátù. Lẹ́yìn náà ló sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ó mú igi rẹ̀, ó sì dúró ṣánṣán bí ẹni tí wọ́n pè sí iwájú adájọ́.

"Àlàájì," ló wí. "Àlàájì ni wọ́n ń pè mí."

Zahra ò tilẹ̀ ní láti túmọ̀ rẹ̀. Tamar rẹ́rìn-ín, ó sì yọ awò ojú rẹ̀, ó nu ún fún ìgbà pípẹ́.

Nínú mọ́tò, nígbà tí wọ́n ń padà sí Jídà, Meshal ní, "Mo rò pé ẹ ní ẹ máa dárúkọ ni?"

"Kí n wá dárúkọ tèmi kí wọ́n sọ pé ọ̀kan ti dá tirẹ̀, kí ló dé tí àwọn tó kù ò dá tiwọn? Wọ́n á fi orúkọ mi na àwọn tó kù. Kí wọ́n fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀, ìyẹn ti lọ." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kérora padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé èmi ni mo pè é ní Ìdírísì, kì í ṣe orúkọ rẹ̀.

Kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, Zahra ti fi fọ́tò kan nínú fóònù rẹ̀ han Tamar: fíríìjì méjèèjì, ilẹ̀kùn wọn ní ṣíṣí, àwọn àmì ń rọ̀ wálẹ̀ níbẹ̀. Tamar nàka sí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà, ó ní kí ni ìyẹn. "Ènìyàn kan," ni Jẹ̀mílátù wí. Ìdè irun ńkọ́? "Ènìyàn kan." Bọ́tìnnì funfun? "Ènìyàn kan. Tó fẹ́ràn ariwo." Tamar ní kí wọ́n fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ sí òun, pé òun ń lọ bá ìgbìmọ̀ jà.

Bí ó ṣe jà á, mi ò sí níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọn ò fún wa ní gbogbo ohun tí a béèrè, wọ́n sì ní ọdún kan péré ni ká fi wò ó ná. Oògùn ni wọ́n fọwọ́ sí, àti ohun tí a fi ń wọn ṣúgà. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún náà dé ọwọ́ Zahra, ó gbé e wá fún wa. Ojú ọmọ ilé ìwé wà nínú rẹ̀, ojú àwọn arúgbó, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀ nísàlẹ̀. Ní ojú ìwé kan, fíríìjì wa ló wà níbẹ̀, wọ́n sì tẹ orúkọ wa sísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe pọ̀ tó: Àlàájà, Àlàájà, Àlàájì, Àlàájà. Mo fi ìka wá tèmi títí. Mo mú ọ̀kan, mo ní èyí ni.

Àwọn obìnrin tó wá ṣe Úmúrà láti Ìlọrin ló gbé àpò oníyìnyín àkọ́kọ́ dé. Jẹ̀mílátù ń tò ó sínú fíríìjì nígbà tí Àlàájì Abdulmutalib yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn, tó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí nǹkan já lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé èyí ni ti... ti àwọn yẹn?"

"Àwọn wo, Àlàájì?"

"Ẹ mọ àwọn tí mò ń sọ."

"Oògùn ṣúgà ni. Ẹ fẹ́ ẹ ni àbí ẹ ò fẹ́?"

Àlàájì nawọ́ sínú fíríìjì, ó mú èyí tó ti tán, ó tú bọ́tìnnì funfun kúrò lára rẹ̀. Ó so ó mọ́ tuntun, ó fi eyín fa òwú rẹ̀ le.

"Bìsìmílà," ló wí, lábẹ́ ahọ́n.

"Ẹ pa ilẹ̀kùn fíríìjì dé, Àlàájì," ni Jẹ̀mílátù wí. "Ooru ń wọlé."